Orúkọ Ìyá Mi Nínú Àpótí Àwọn Òkú

Ẹni tó bá mọ̀ mí dáadáa mọ̀ pé n kì í béèrè ọ̀nà. Bí mo bá sọnù ní Ayọ̀bọ̀, n ó kọ́kọ́ rìn títí ẹsẹ̀ mi yóò fi wú kí n tó bi ẹnikẹ́ni. Ìyá mi ní láti kékeré ni mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, pé n kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé ohun kan wà tí n kò mọ̀. Òótọ́ ni. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Mo fi òwe yẹn kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní Ẹ̀gbẹ́dá láìmọye ìgbà. Èmi olùkọ́ wọn ni kò gbọ́ ọ. Ìwà yìí ló mú kí n fi ọwọ́ ara mi kọ orúkọ ìyá mi, tó wà láàyè, tó ń jẹ, tó ń mu, tó sì ń bá mi jà lójoojúmọ́, sínú àpótí àwọn òkú. Ẹ̀ẹ̀meje ni mo kọ ọ́.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, n kò tíì pé oṣù mẹ́jọ nínú Ìjọ Àgùdà. Kì í ṣe ọkọ ló mú mi débẹ̀, kì í sì í ṣe pé mo bá a nílé. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo ń rìn ní Ìgándò, oòrùn mú, bàtà ń pa mí lẹ́sẹ̀, mo sì yà sínú ṣọ́ọ̀ṣì kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Obìnrin méjì péré ni mo bá níbẹ̀. Wọ́n jókòó, wọn ò sọ nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó bi mí lórúkọ, kò sẹ́ni tó gba nọ́ńbà fóònù mi. Mo jókòó tó wákàtí kan, èmi tí n kì í lè jẹun tán láìdìde lẹ́ẹ̀mẹta! Mo padà lọ lọ́sẹ̀ kejì. Nígbà tó yá, mo forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, tí wọ́n máa ń ṣe ní gbogbo ọjọ́ Sátidé.

Nígbà tí ìyá mi gbọ́, ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Ọmọ Èkìtì ni ìyá mi, aránṣọ tó ti fi maṣíìnì sílẹ̀. Òun ni olórí ẹgbẹ́ alágbàdúrà nínú ìjọ rẹ̀ ní Bàrúwà, níbi tí àwa méjèèjì jọ ń gbé láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. Bí ó bá ń gbàdúrà, ajá àdúgbò a dákẹ́. Àwọn èèyàn a máa ti Akówónjo wá sílé wa láàárọ̀ kùtù kí wọ́n lè bá a kó tó jẹun: ẹni tó ń wá ọmọ, ẹni tí ọkọ rẹ̀ ò wálé, ẹni tó ń retí kí wọ́n pè é síbi iṣẹ́. Á gbé ọwọ́ lé wọn lórí, á sì figbe ta. Lójú tirẹ̀, iṣẹ́ ni àdúrà, àfi bí ẹni ń gún iyán. Bí òógùn ò bá tíì jáde, o ò tíì bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tó rí rósárì lọ́wọ́ mi, ó wò mí láti òkè délẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ máa ń rán èèyàn sí Ọlọ́run. Àbí o ò lẹ́nu ni?"

Ohun tó ń da èmi náà láàmú nìyẹn. Kí ló dé tí n ó fi ní kí Màríà bá mi bẹ̀bẹ̀? Kí ló dé tí n ó fi ní kí ẹni mímọ́ kan tí kò rí mi rí bá mi dá sí ọ̀ràn ilé wa? Olùkọ́ wa ní kíláàsì, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ṣàlàyé pé ṣebí bí a ṣe ń fi àgbà bẹ àgbà náà ni. Mo mi orí. Àlàyé náà dára, kò kàn wọ̀ mí lára ni. Ohun tó wà nínú mi ni pé bí ẹnìkan bá fẹ́ràn ìyá mi, èmi ni, bí ẹnìkan yóò bá sì bẹ̀bẹ̀ fún un, èmi náà ni. Kí ni àjèjì mọ̀ nípa rẹ̀ tó máa sọ? Bí mo bá tiẹ̀ ń ka rósárì náà, mo ń sáré kà á bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Ọ̀ràn ilé wa tí mò ń wí ni gẹ̀gẹ̀ tó wà lọ́rùn ìyá mi. Ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́, a ti mọ̀ ọ́n mọ́ ọn. Lọ́dún yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í fún un lọ́fun. Bí ó bá dùbúlẹ̀, mímí a di ogun. Dókítà ní àfi kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, ó sì mú Ọjọ́bọ̀ tó kẹ́yìn oṣù kọkànlá. Lẹ́yìn náà ló fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní iṣan ohùn wà nítòsí ibi tí àwọn máa gé, àti pé Màmá ti dàgbà, àwọn ò lè ṣèlérí. Ohùn lè lọ. Ohun tó ju ohùn lọ náà lè lọ. Ìyá mi gbọ́ gbogbo rẹ̀ níbi tó jókòó sí. Ó kàn káṣọ rẹ̀ mọ́ra, ó ní ká máa lọ sílé.

Láti ọjọ́ náà ni n kò ti ríbi fi ara sí. Bí mo bá wà níléèwé, ọkàn mi wà nílé. Bí mo bá wà nílé, mo ń gbálẹ̀ tí mo ti gbá. Ìyá mi ní mò ń ṣe bí adìẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí.

Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù kọkànlá, mo pẹ́ dé Mísà. Nígbà tí mo wọlé, àwọn èèyàn ń kọ nǹkan sórí bébà pélébé, wọ́n ń tẹ̀lé ara wọn lọ síwájú, wọ́n ń jù ú sínú àpótí onígi kan lẹ́sẹ̀ pẹpẹ. Nínú ìjọ tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, nǹkan kan ṣoṣo ni irú èyí jẹ́: ẹ kọ orúkọ aláìsàn yín, ẹ gbé e wá síwájú pẹpẹ, à ń lọ bá a jà. N kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń sunkún bó ṣe ń kọ tirẹ̀, mo sì sọ lọ́kàn mi pé àìsàn ti ará ilé tirẹ̀ náà mà le o. Mo gba bébà, mo kọ orúkọ ìyá mi, tòun ti orúkọ bàbá rẹ̀, ní lẹ́tà gàdàgbà, lẹ́ẹ̀meje, torí ìyá mi fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi pé eéje ni àṣepé. Mo jù ú síbẹ̀. Ọkàn mi fúyẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí dókítà ti sọ̀rọ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀lé e, mímí ìyá mi ò dára, n kò lè lọ sí Mísà, n kò sì lè lọ sí kíláàsì. Ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ ni mo tó padà lọ. Olùkọ́ wa ti ń sọ̀rọ̀ nígbà tí mo jókòó.

Ó ní, "Gbogbo yín lẹ rí àpótí iwájú pẹpẹ yẹn. Oṣù yìí, oṣù àwọn òkú wa ni. Gbogbo ẹni tí orúkọ wọn wà níbẹ̀ là ń rántí nínú gbogbo Mísà títí oṣù yóò fi parí. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ kọ?"

Ọ̀gbẹ́ni kan ní òun kọ orúkọ bàbá òun. Obìnrin kan ní òun kọ ti ọkọ òun. Ó kàn mí.

Mo ní, "Ìyá ìyá mi ni, sà."

Irọ́ gbuu. Mo mọ̀ pé bébà lásán ni. Mo kàwé, mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n ilé alágbàdúrà ni wọ́n bí mi sí, níbi tó jẹ́ pé bí ẹnìkan bá lálàá pé òun wọ aṣọ funfun, ọjọ́ mẹ́ta la máa fi gbààwẹ̀. Ẹ wá wo orúkọ alààyè láàárín òkú! Ẹ̀ẹ̀meje! Ó sì ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí odindi ìjọ, pẹ̀lú àwọn màmá arúgbó tí ọkàn wọn mọ́, ti ń dágbére fún ìyá mi lójoojúmọ́, tí wọ́n ń sìn ín lọ sílé. Ọjọ́bọ̀ sì ni wọ́n máa fi abẹ kàn án lọ́rùn.

Ní ọjọ́ Àìkú, mo tètè dé. Àpótí náà wà níbẹ̀, wọ́n ti fi okùn aláwọ̀ àlùkò dè é. Nígbà tí àkókò tó, Fáàdá nawọ́ sí i, ó tọrọ ìsinmi fún gbogbo àwọn tí orúkọ wọn wà nínú rẹ̀. Gbogbo ìjọ dáhùn. Èmi nìkan ni mo ń sọ lábẹ́nu pé, "Yàtọ̀ sí ẹnìkan, Olúwa. Yàtọ̀ sí ẹnìkan." Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Bí Mísà ṣe parí ni mo wá Fáàdá lọ. Wọ́n ní ó ti lọ ṣe Mísà níbòmíràn, kí n padà wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, agogo ìparí iléèwé kò tíì dákẹ́ tí mo ti wà nínú kẹ̀kẹ́. Mo bá Fáàdá níwájú ọ́fíìsì rẹ̀, ó ń bomi rin òdòdó. Ọmọ Oǹdó ni, ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n mo kúnlẹ̀ fún un.

"Fáàdá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ orúkọ kan kúrò nínú àpótí yẹn."

Ó ní kí ló dé. Mo rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo rí i tó ń fi eyín di ètè mú, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé orí ẹ̀ẹ̀meje, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ má bínú sí mi, mà. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ rò pé Ọlọ́run ò mọ̀ pé Màmá yín ṣì ń jẹun ni?"

"Fáàdá, n kò wá gba ẹ̀kọ́ lónìí. Bébà mi ni mo wá gbà."

Inú bí mi, mo sọ ọ́ bó ṣe rí lára mi. Kò bínú. Ó gbé agolo omi rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ tiẹ̀ ní òkú fúnra yín?"

"Bàbá mi ti kú."

"Ṣé ẹ kọ orúkọ wọn?"

Òkú tí a ní gan-an, n kò rántí rẹ̀, alààyè ni mo lọ ń sin. Fáàdá wọlé, ó gbé àpótí náà jáde, ó gbé e sórí tábìlì nínú yàrá tí wọ́n ti máa ń wọṣọ Mísà, ó sì tú okùn rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ wá a fúnra yín. Ṣùgbọ́n ẹ má dà wọ́n rú o. Ẹ ka ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa tò wọ́n síbì kan. Èèyàn ni wọ́n." Ó padà sídìí òdòdó rẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú u pẹ̀lú ìkánjú. Kì í ṣe èyí, kì í ṣe èyí, kì í ṣe èyí. Ọwọ́ ìkọ̀wé burúkú pọ̀ níbẹ̀, èmi olùkọ́ sì ní láti dúró kí n tó lè kà wọ́n. Ibẹ̀ ni ìdúró ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan kọ ọ́ pé "Ọkọ mi," kò kọ orúkọ. Ẹnìkan kọ "Ọ̀rẹ́ mi tí ọkọ̀ pa." Ẹlòmíràn kọ "Alájọgbélé wa àtijọ́, n kò mọ orúkọ bàbá rẹ̀." Bébà kan wà tí wọ́n kọ "Ọmọ mi, ọjọ́ mẹ́sàn-án" sí, kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Mo di bébà yẹn mú fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn ara mi nínú yàrá náà. Mo ń sọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe ń tò wọ́n pé, "Ọlọ́run ṣàánú rẹ̀." N kò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀. N kò mọ ọ̀kan nínú wọn, wọn ò sì mọ̀ mí. Bí ẹnìkan bá bi mí ní àkókò yẹn pé kí ni àjèjì mọ̀ tó ń sọ, n kò ní lè fèsì, n kò sì ní dákẹ́.

Ó kù díẹ̀ kí n kan ìdí àpótí kí n tó rí ti ìyá mi, pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà rẹ̀. Mo tì í bọnú báàgì, mo tún àpótí dè, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Fáàdá láìdúró, mo jáde. Ó yẹ kí ara tù mí. Mo dé ẹnu géètì, kò tù mí. Mo gun kẹ̀kẹ́ dé ọ̀nà Ìkòtún, kò tù mí. Ohun tó ń sọ nínú mi báyìí ni pé ìyá mi ti jáde kúrò láàárín wọn, kò sí ẹni tó máa dárúkọ rẹ̀ mọ́ àfi èmi nìkan, bẹ́ẹ̀ èmi nìyí tí n kò lè jókòó gba odindi àdúrà kan parí. N kò mọ̀ bóyá mo gbà á là ni àbí mo jí i gbé.

Nígbà tí mo délé, mo ń po ògì ìyá mi nínú kíṣínì, ó sì ní òun fẹ́ wo káàdì ọsibítù. Mo ní kó wò ó nínú báàgì mi. Ọ̀rọ̀ náà ti jáde lẹ́nu mi kí n tó rántí. Kí n tó dé pálọ̀, bébà náà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí ni orúkọ mi ń ṣe níbí?"

Mo wá irọ́, n kò rí èyí tó máa tó o. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Bí mo ṣe ń sọ ọ́, ohun kan ṣoṣo ni mò ń bẹ̀rù: kí ìyá mi má sọ pé àmì ni, kí ó má sọ pé òun ò lọ síbi iṣẹ́ abẹ mọ́. Mo mọ̀ ọ́n. Ohun tó kéré sí èyí ti mú kó dá ìrìn àjò dúró rí. Bí kò bá sì lọ, gẹ̀gẹ̀ náà yóò fún un pa níwájú mi.

Ó ń ka bébà náà léraléra títí ògì fi ń jóná lórí iná. N kò gbọ́dọ̀ dìde.

"Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó?"

"Ó ti lé ní mẹ́ta, mà."

"Kí ni wọ́n ń sọ nípa mi?"

"Wọ́n ń ní kí Ọlọ́run fún yín ní ìsinmi."

"Àwọn tí wọn ò mọ̀ mí."

"Wọn ò mọ̀ yín, Mọ́mì."

"Tí wọ́n tún rò pé mo ti kú. Pé n kò lè ṣe nǹkan kan fún wọn mọ́." Ó fi ọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ figbe ta, ṣùgbọ́n ṣe ló rẹ́rìn-ín músẹ́. "Gbogbo àwọn tí mò ń gbọ́wọ́ lé lórí, bí wọ́n bá fẹ́ ṣàdúrà fún mi, kí Ọlọ́run fún Màmá lágbára ni. Kí n lè tún gbàdúrà fún wọn lọ́la. Ìsinmi? Kò sẹ́ni tó tọrọ ìyẹn fún mi rí."

Ojú tì mí, torí agbára lèmi náà máa ń tọrọ fún un.

Ó ní, "Mú bírò wá."

Mo mú un wá. Ó yí bébà náà sí ẹ̀yìn, ó gbé e lé orí itan, ó kọ orúkọ kan ṣoṣo síbẹ̀. Ó pẹ́ kó tó kọ ọ́ tán. Ó nà án sí mi. Mo kà á, n kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ẹbí wa.

"Ta nìyí, Mọ́mì?"

"Ìwọ kọ́ ni àkọ́bí mi."

Ó wo ògiri bó ṣe ń sọ ọ́. "Ó ti ń rìn. Ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń pè mí. Ibà ọjọ́ méjì péré ni. Àwọn àgbà gbé e lọ, wọn kì í jẹ́ kí ìyá mọ ibi tí wọ́n sin irú rẹ̀ sí. Wọ́n ní kí n má sunkún, kí n má dárúkọ rẹ̀ mọ́, kí òmíràn lè wá. Òmíràn wá ṣá. Ìwọ ni." Ó mí kanlẹ̀. "Ìjọ wa kì í gbàdúrà fún òkú. Èmi gan-an ni mo ń kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Dá bébà yìí padà síbi tí o ti mú un."

"Kí n pa orúkọ yín rẹ́ ní ojú kejì?"

"Mo ní kí o pa á rẹ́ ni? Jẹ́ ká jọ wà níbẹ̀. Kí o sì kọ ti bàbá rẹ sí i, ìwọ aláìmoore yìí. Lọ wo ògì, ó ti jóná."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kọ orúkọ bàbá mi sí bébà náà, mo sì yà sí ṣọ́ọ̀ṣì kí n tó lọ síléèwé. Mo gba ààrin okùn aláwọ̀ àlùkò náà, mo ti bébà náà bọ inú àpótí. Mo pe orúkọ ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. N kò mọ̀ bóyá mo pè é dáadáa, nítorí n kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni rí.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, ẹ má rò pé mo di ẹni pẹ̀lẹ́. Mo rìn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù yẹn títí nọ́ọ̀sì kan fi ní kí n jókòó, ìrìn mi sì ti sú àwọn olùṣọ́. Rósárì wà lọ́wọ́ mi, ibi tí mo bá a dé, mo gbàgbé, mo tún bẹ̀rẹ̀. Mo ń bẹ Màríà, mo ń bẹ àwọn inú àpótí, ọkọ obìnrin yẹn, ọ̀rẹ́ tí ọkọ̀ pa, ọmọ ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi pẹ̀lú. Mo ní ìyá tìẹ náà mà ni.

Oòrùn ti ń wọ̀ kí wọ́n tó ní kí n wọlé. Ọrùn ìyá mi wà nínú báńdéèjì. Nọ́ọ̀sì ní kí n má jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ohùn tí ajá àdúgbò ń dákẹ́ fún kò padà mọ́ láti ọjọ́ yẹn títí dòní. Tín-ínrín tó kù ni ó ń lò. Ó la ojú, ó fi ìka pè mí, mo sì tẹ etí sí ẹnu rẹ̀.

"Ṣé o fi í síbẹ̀?"

"Mo fi í síbẹ̀, mà."

Ó ní ó dára. Ó di ojú, ó sì sùn.